Bí Dọ́là Ṣe Wọ Ṣọ́ọ̀bù Òwú Ẹ̀gbọ́n Mi ní Minna

Láti ìgbà tí mo ti Minna dé, kò sí ẹni tó wá kí mi tí kì í béèrè ohun kan náà: ṣé mo mú Bọ̀ọ̀dá Sálíù bọ̀ ni, àbí mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀? Ẹnu mi ti bó. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jókòó kà á, kí n lè ráyè gbọ́ ti ọjà mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Sálíù ni àgbà nínú àwa ọmọ bàbá wa. Ọ̀dọ́mọdékùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Ìlọrin lọ sí Minna. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́, síìpù, bọ́tìnnì àti gbogbo ohun tí télọ̀ ń lò. Ọmọ alfa ni wá, àwọn fúnra wọn sì jẹ́ alfa. Ìyàwó wọn ló pe ilé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ń ṣófo lọ, pé ọjà ń jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé kò lè ra òmíràn sí àyè rẹ̀. Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní èmi tí mo ń ta póróvísàn, tí mo mọ ọjà, ni kí n lọ wò ó. Bó bá ṣe é tún ṣe, kí n bá wọn tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é ṣe mọ́, kí n bá wọn kó ẹrù, kí wọ́n máa bọ̀ wálé, a ó tún yàrá ẹ̀yìn ṣe fún wọn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà tó ti ń ti àjò fi nǹkan ránṣẹ́ sílé láti ọjọ́ yìí wá padà wọlé lọ́wọ́ òfo, ohun ìtìjú ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ojú ọ̀nà

Títí dé Jẹ́bbá, ilé ni mo wà. Àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́bàá ọ̀nà ṣì ń fi Yorùbá kí wa, a sì ń bá wọn ṣàwàdà. Bí a ti gun afárá, tí Odò Ọya tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ wa, tí a sì bọ́ sí òdìkejì, bẹ́ẹ̀ ni èdè yí padà. Obìnrin Nupe kan jókòó tì mí. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó tú kúlíkúlí rẹ̀, ó kọ́kọ́ kó díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kí òun tó jẹ. Àwa tí a wà nílé, a kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀ mọ́.

Ní Mọ̀kwá a sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Mo sọ Yorùbá sí ìyá onírẹsì, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹlòmíràn pé kó wá wò mí. Mo wá rántí bó ṣe ń rí kí ènìyàn máa nàka sí oúnjẹ bí ọmọdé. Dírẹ́bà wa bi ìyá náà ní Hausa ìdí tí abọ́ ìrẹsì fi kéré sí ti ọjọ́ tí òun kọjá níjọ́sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi dá a lóhùn: “Dala.” Èyí tí mo gbọ́ nìyẹn.

Láti ibẹ̀ títí a fi dé Minna, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́. Ẹni tó lẹ táyà wa sọ ọ́, ẹni tó ta ọsàn fún wa sọ ọ́. Mo wò wọ́n títí, mo ní bóyá ni ẹnì kan nínú wọn ti fojú kan dọ́là rí. Èmi náà kò tíì fọwọ́ kàn án rí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ iye tí màá ta mílíìkì fún mi láràárọ̀.

Ìwọlé

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Minna. Àpáta ló yí ìlú náà ká. Àwọn obìnrin Gbagyi ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná, èjìká ni wọ́n gbé e lé, wọn kò gbé e lérí. Wọ́n ní orí kì í ṣe ibi ẹrù. Mo ronú sí i, mo ní wọ́n kúkú ní ọgbọ́n.

Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sí Soje, àdúgbò Bọ̀ọ̀dá, kí mi títí ó fi sú mi. Ó kí mi kú ọ̀nà, ó kí mi kú àárẹ̀, ó béèrè àwọn ará ilé. “Ina gajiya, Mama?” Ẹni tí kò mọ̀ mí rí! Nínú ìlú tiwa, oníkẹ̀kẹ́ á ti máa bi ọ́ léèrè ṣéńjì kí o tó jókòó dáadáa.

Ìyàwó wa, Ìyá Mọ́dínà, kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. “Adúmáradán, ẹ kú ewu ọ̀nà.” Orúkọ tó sọ mí nìyẹn nígbà tó wọlé wa, nígbà tí ara mi ṣì ń dán lóòótọ́. Àwọn ọmọ sáré jáde, wọ́n ní “Sannu da zuwa,” kí ọ̀kan nínú wọn tó rántí pé àbúrò bàbá wọn ni mo jẹ́, Ìlọrin ni mo sì ti wá, ó wá yára ní “Ẹ káàbọ̀, mà.” Ahọ́n Minna ni wọ́n ní.

Bọ̀ọ̀dá jáde. Wọ́n ti gbẹ. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ń béèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Túwó ìrẹsì la jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, ewé oṣè tí wọ́n lọ̀ kúnná, tó ń fà díẹ̀. Ó dùn. Àbọ̀ oúnjẹ ni mo ti jẹ kí n tó fura pé inú abọ́ tèmi nìkan ni ẹran wà.

Ṣọ́ọ̀bù

Ní òwúrọ̀, mo tẹ̀lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo Soje ló mọ̀ wọ́n sí Mai Zare, ìyẹn ni olówùú. Láti ẹnu ọ̀nà, mo rí páálí jọ lórí pẹpẹ títí dé àjà, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ní ìyàwó wa ti sọ àsọdùn. Mo fẹ́ tún ọ̀kan tó yẹ̀ ṣe, mo fọwọ́ kàn án, ó já bọ́ lu ilẹ̀ fẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ìkejì, òfo. Èyí tó wà níwájú nìkan ló ní ọjà nínú.

Bọ̀ọ̀dá kò wo ojú mi. “Má jẹ́ kí àwọn oníbàárà rí i,” wọ́n ní.

Télọ̀ kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ kí wọn, ó kí wọn pẹ́. Ó ra òwú àti síìpù, ó sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọmọ mi obìnrin ń ránṣọ ní Ìlọrin, nítorí náà mo mọ iye tí nǹkan wọ̀nyẹn ń lọ. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, èló ni ẹ máa ra òmíràn dípò èyí tí ẹ tà yìí?”

“Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.”

“Kí ló wá dé tí ẹ tà á bẹ́ẹ̀?”

“Bí mo ṣe rà á nìyẹn, mo sì fi èrè díẹ̀ lé e. Múníra, òwú yìí ti wà lórí pẹpẹ mi kí dọ́là tó gbéra. Kò jáde lọ síbì kankan. Kí ni mo ṣe sí i tí màá fi gba owó mìíràn lé e lórí?”

Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é nílé. Mo ní láti Ṣáínà ni òwú ti ń wá, dọ́là ni àwọn tó ń kó o wọlé ń san, nítorí náà, bí náírà bá ti fi orí sọlẹ̀, kí a tó jẹun àárọ̀ ni a ti pààrọ̀ iye ọjà, èyí tó wà lórí àtẹ àti èyí tó wà nínú yàrá. Kì í ṣe olè jíjà. Owó tí a ó fi ra òmíràn ni a ń wá.

Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, “Nígbà tí dọ́là wálẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ já owó wálẹ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀?”

Mo ní rárá, ọ̀wọ́n la ṣáà rà á.

“Òfin méjì lẹ ń lò nígbà náà, ẹ̀yin oníṣòwò. Bó bá ń gòkè, iye òní. Bó bá ń sọ̀, iye tí ẹ rà á.”

Inú bí mi. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o. Kì í ṣe òwú ni ẹ ń tà, ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni ẹ ń tà ní ẹyọ ẹyọ.”

Wọ́n wá sọ ohun tó wà nínú wọn. Wọ́n ní àwọn télọ̀ Soje, aṣọ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń rán, àti yunifọ́ọ̀mù ọmọ wọn, owó oṣù àwọn wọ̀nyẹn kò sì kúrò níbi tó wà. Bí òwú bá wọ́n, owó ìránṣọ á wọ́n. “Mo fẹ́ kó kù ibì kan ní Minna tí dọ́là kò tíì dé,” wọ́n ní. “Kó ṣáà kù ibì kan.”

Mo ń bínú sí wọn, orí mi sì ń wú pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n.

Wàrà

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin Fulani kan kiri fùrá àti nónò wá sí ojúlé wa. Fùrá ni jéró tí wọ́n gún tí wọ́n sì ṣù, nónò ni wàrà kíkan tí wọ́n ń pò ó mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ mu ún. Ìyá Mọ́dínà ní ìgbákọ obìnrin náà ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, mo sì ní kó bá mi bi í bóyá dọ́là náà ni. Mo ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní, “Sọ fún un pé koríko ni màlúù ń jẹ. Ta ló lọ sọ̀rọ̀ dọ́là fún màlúù?”

Ìyá Mọ́dínà túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó sì dá mi lóhùn bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní màlúù kò gbọ́ o, ṣùgbọ́n òun ń ra oògùn fún un. Ẹni tó ń lọ jéró ń da epo sínú ẹ̀rọ. Ó ní òun náà ń ra ṣúgà, òun ń ra aṣọ fún ọmọ. Gbogbo ẹni tí òun ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbé tiwọn lé òun lórí. Bí òun kò bá gbé e fún ẹlòmíràn, orí òun ni yóò sinmi lé.

Mo mu fùrá mi tán. Orí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń rò.

Tunga

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Màmá Rúùtù dé ṣọ́ọ̀bù. Ará Èkìtì ni, olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló ń rán. Òwú búlúù ló fẹ́, òwú búlúù sì ti tán. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi àti Ìyá Mọ́dínà ń lọ sí Tunga, ní apá ìlú kejì, a ó bá a rà á bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan la wọ̀ ní Tunga. Yorùbá ni ọkùnrin tó ni ín, ọlọ́yàyà. Bó ti gbọ́ ohùn mi báyìí, ó fa àga fún mi, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Ní àjò, ẹni tó bá sọ èdè rẹ di ẹbí rẹ kíákíá, inú mi sì dùn sí i. Ó pe iye òwú. Mo ní, “Ẹ̀hẹn? Wọn kì í tà á tó bẹ́ẹ̀ ní Soje.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mai Zare! Ẹ máa lọ o, Màmá. Ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àwa la kó o.”

“Báwo?”

“Mo máa ń rán àwọn télọ̀ sí i. Ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la. Alfa yẹn fẹ́ràn ìkíni. Bí o bá ti kí i dáadáa, iye tó rà á látijọ́ ló máa tà á fún ẹ. Eléyìí tó wà lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Mi ò jí i o. Ó tà, mo rà.”

“Àwọn wo lẹ wá ń tà á fún?”

“Àwọn télọ̀ náà ni. Ibo ni wọ́n máa rí i rà mọ́?”

Ìyá Mọ́dínà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú híjáàbù rẹ̀, kò mira. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni Mai Zare. Ìyàwó wọn nìyí.”

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ó ní kí n máa mú òwú náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo san owó rẹ̀ pé, iye tó pè gan-an. Mo fẹ́ bú u, èébú ti kún mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ra ọ̀pọ̀, ó ta ọ̀wọ́n. Èwo nínú rẹ̀ ni èmi kì í ṣe?

Nínú kẹ̀kẹ́, ìyàwó wa ń sunkún. “Adúmáradán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Ó máa pa wọ́n.” Mo ní bí a kò bá sọ ọ́, ebi á pa gbogbo yín. Mo máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn Àlàásárì

Mo dúró kí wọ́n kírun tán. Mo jókòó sẹ́bàá ẹní wọn, mo sì rò ó fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo rò pé wọ́n máa bínú sí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n wọn kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀.

“Èló ló ń tà á?”

Mo sọ ọ́.

“Fún àwọn télọ̀ wa náà?”

“Àwọn náà ni, Bọ̀ọ̀dá.”

Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà lọ, wọ́n dúró. “Ìyẹn ni pé wọ́n ti ń san owó tuntun láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí aṣọ ọmọ kankan tó dínwó nítorí mi.”

Mo fẹ́ parọ́. N kò lè pa á. Mo ní, “Kò sí, Bọ̀ọ̀dá.”

“Mo rò pé mo ń bò wọ́n ni.” Ohùn wọn kéré débi pé mo ní láti sún mọ́ wọn. “Láti ọjọ́ yìí, ọkùnrin kan ní Tunga ni mo ń bọ́, àwọn ọmọ mi sì ń jẹ túwó láìsí ẹran.”

Ohun tí mo wá ṣe ní Minna nìyẹn, kí wọ́n lè rí i pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò dára. Wọ́n ti rí i. Kò sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀ fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Múníra, ìwọ lo mọ iye òní. Ìwọ ni kí o máa pè é fún wọn. Ahọ́n mi kò lè yí i.” Mo jókòó sáyè wọn. Wọ́n bọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n dojú kọ tẹ̀sùbáà wọn.

Màmá Rúùtù ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wá dúpẹ́ òwú tí a fi ránṣẹ́ sí i, ó sì fẹ́ ra síìpù fún yunifọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀. Mo pe iye rẹ̀. Kò wo èmi, ẹ̀gbọ́n mi ló wò.

“Alfa, ṣé ó ti dé ibí náà ni?”

“Ó ti dé, Màmá Rúùtù.”

Kò bá wa jà. Ó ka síìpù tó ti ṣà sílẹ̀, ó dá ìdajì padà. Ó ní àwọn ìyá ọmọ á kúkú ní kí òun rán ẹyọ kan dípò méjì, kí ọmọ máa fọ̀ ọ́ lálaalẹ́ kó sì wọ̀ ọ́ láàárọ̀. “Ẹ kú ìfaradà, sà. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.” Ó jáde.

Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mo ti pe oríṣiríṣi iye sí etí ènìyàn, n kì í sì í rántí rẹ̀ bí mo bá ti délé. Èyí dùn mí. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Ilé

Nítorí náà, mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Ìyá Mọ́dínà ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọ ọjà ju bí a ti rò lọ. Bọ̀ọ̀dá sìn mí dé gáréèjì, wọ́n di kúlíkúlí àti kúkà gbígbẹ fún mi kí n pín in fún yín. Wọ́n ṣàdúà fún mi. Wọn kò sọ̀rọ̀ òwú rárá.

Ìjẹta ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní wọ́n ti rajà láti Kánò, pé gbogbo páálí tó wà lórí pẹpẹ ló ní nǹkan nínú, ṣọ́ọ̀bù ti kún. Mo ní “Alihamdulilahi,” mo fi ẹ̀rín sí i, mo ní wọ́n rí i báyìí. Wọn kò bá mi rẹ́rìn-ín.

“Múníra,” wọ́n ní, “láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹnikẹ́ni kò ná ọjà mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Iye tí mo bá pè ni wọ́n ń san. Màmá Rúùtù wá lánàá, èmi ni mo wà níbẹ̀, mo pe iye fún un.”

“Ẹ ṣeun. Kí ló wá sọ?”

“Ó bi mí bóyá iye rẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn.”